Àpò Ike Alájì Jẹ̀lílì

Ní Igbona, l'Óṣogbo, kò sí ẹni tí kò gbọ́ nípa Sátidé tí olóògbé Alájì Jẹ̀lílì dá Tiwalọlá, ayálégbé rẹ̀, padà pẹ̀lú ike òróró lọ́wọ́. Akọ̀wé rélùwéè ni Alájì kó tó fẹ̀yìn tì. Aago mẹ́jọ àárọ̀ Sátidé ló máa ń so ẹnu àpò tí gbogbo ilé ń kó ike àti ọ̀rá sí, kí àwọn tó ń sọ ọ́ dọ̀tun tó wá gbé e. Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú méjì ni Tiwalọlá dé.

"Ọkọ̀ ti lọ," ni Alájì wí.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, àpò rèé níwájú yín! Ẹ ò tíì so ó."

"Bí ọkọ̀ ojú irin bá ti fọn fèrè, bó dúró bí kò dúró, ó ti lọ."

Kì í gba ike ẹlẹ́gbin. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló dá ti Barnabas, àpọ́n tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn, padà.

"Bàbá, àwo tí mo fi ń jẹun gan-an ò mọ́ tó èyí."

"Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń gbààwẹ̀ tí o bá ní kí n wá jẹun."

Ṣùgbọ́n Nọ́síràtù, ìyàwó rẹ̀, mọ ibi tọ́rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún tí wọ́n sọ ọmọ Kifayat, ọmọbìnrin wọn, lórúkọ, àgbàrá ya wọ yàrá rẹ̀, ó ba gbogbo aṣọ tó ń tà jẹ́. Nígbà tí wọ́n tú gọ́tà, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà táwọn àlejò wọn mu ló dí i. Alájì wò ó títí.

"Àwa la dí i," ló wí. Sátidé tó tẹ̀ lé e ló gbé àpò kalẹ̀ fún gbogbo ilé.

Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún yìí ni Alájì kú. Nọ́síràtù wọ tàkáàbà, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá tí opó Mùsùlùmí kì í jáde nílé. Ọ̀fọ̀ nìkan kọ́ ló ń dà á láàmú. Ta ni yóò máa bá ilé wí báyìí, tí gọ́tà ò fi ní í tún dí?

Ní Sátidé kejì lẹ́yìn ìsìnkú, òjò ṣú. Nọ́síràtù gbóhùn Tiwalọlá lójú fèrèsé.

"Barnabas, ọbẹ̀ ṣì wà nínú ike yẹn."

"Àǹtí, Bàbá ò sí mọ́. Ta ló fẹ́ mọ̀?"

Lẹ́yìn náà ni Nọ́síràtù gbọ́ tí ẹnì kan bu omi, tó ń ṣan ike, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú. Ó yára fi ìbòrí bo ẹnu, ojú rẹ̀ sì kún fún omi.

"Kí Ọlọ́hun kẹ́ yín, Bàbá Kifayat," ló wí jẹ́ẹ́. "Wọ́n ń fọ̀ ọ́."