Ìbúra Ọwọ́ Òsì

Nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọdé, tí a ń gbé yàrá kan ní Èbúté Mẹ́ta, akọni ni mí. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ẹ̀yin àbúrò mi. Akọni mẹ́rin ló wà nínú ilé wa: èmi, àwọn ọmọ télọ̀ méjì, àti ọmọbìnrin kan tí màmá rẹ̀ jẹ́ tíṣà. Inú ìwé aláwòrán kan tí télọ̀ rà lábẹ́ afárá Ojú Ẹlẹ́gbà la ti mú wọn. Ẹ̀gbọ́n nínú àwọn ọmọ télọ̀ mú ẹni tó ń fò, àbúrò rẹ̀ mú ẹni tó ń sáré ju rélùwéè lọ, ọmọbìnrin náà mú obìnrin tó ń fi ọwọ́ kan gbé tírélà, èmi sì mú ẹni tó ń fi ẹ̀wọ̀n jà.

Òfin wa ni pé àwọn olùdásílẹ̀ ẹgbẹ́ ni yóò máa ṣe akọni. Ẹni tó bá dé kẹ́yìn ni yóò máa ṣe olè tí a ó lé mú. Ọmọbìnrin náà ló kó wọ ilé wa kẹ́yìn, èmi ni mo sì kọ́kọ́ sọ pé kì í ṣe olùdásílẹ̀. Bó ṣe di olè ojoojúmọ́ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n òun nìkan ló lè ka Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé náà dáadáa. Díẹ̀díẹ̀ ló ń kà á fún wa lọ́sàn-án. Lọ́jọ́ kan ó ní, "A máa tó dé ibi tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ yẹn sílẹ̀. Ìwé fúnra rẹ̀ ló máa sọ ẹni tó jẹ́ olùdásílẹ̀."

Ara fu mí. Lọ́jọ́ kejì, kí àwọn yòókù tó jáde, mo ṣí ìwé náà síwájú. Àwòrán ò ní kéèyàn mọ̀ọ́kà: àwọn mẹ́ta jókòó yí tábìlì ká, obìnrin náà wà láàárín wọn. Akọni tèmi wà níta, ó ń kan ilẹ̀kùn. Mo fa ojú ìwé yẹn ya, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá mi.

Nígbà tí wọ́n rí i pé ojú ìwé kan ti ya kúrò, a bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wa tìfura-tìfura. Ẹ̀gbọ́n ní kí kálukú búra: fi ìka kan ilẹ̀, fi kan ahọ́n, nà án sókè. Èmi ni mo kọ́kọ́ fò síwájú. Mo búra wàràwàrà, iyẹ̀pẹ̀ ń dún lẹ́nu mi. Àwọn ọmọ télọ̀ náà búra. Nígbà tó kan ọmọbìnrin yẹn, ọwọ́ òsì tó fi ń kọ̀wé ló nà sókè.

"Ọwọ́ òsì kẹ̀!" Èmi ni mo pariwo. "Ta ló ń fi ọwọ́ òsì búra? Ó mọ̀ pé irọ́ ni!"

"Ọwọ́ tí mo ní nìyẹn. Àbí kí n yá tìẹ?"

Àbúrò bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Olè tiẹ̀ ti mọ́ ẹ lára. Má wá bá wa ṣeré mọ́."

Láti ọjọ́ yẹn, bí ṣíbí lásán bá sọnù nínú ilé, òun ni wọ́n máa ń wò. Àwọn àgbà náà bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ wọn lórí okùn nígbà tó bá ń kọjá. Nígbà tó yá, màmá rẹ̀ kó wọn lọ sí Ìjọra.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí mo pàdé rẹ̀ ní Yábà. Mo jẹ́wọ́ fún un pé èmi ni mo ya ìwé náà.

"Mo mọ̀," ó ní. "Gbogbo wa ń bèèrè ohun tó wà lójú ìwé yẹn. Ìwọ nìkan lo ò bèèrè."

"Kí ló dé tó ò sọ?"

"Ta ló máa gbà mí gbọ́? Màmá mi gan-an ṣì rò pé èmi ni."

Ni mo bá lọ sí Ìjọra ní Sátidé, mo kúnlẹ̀, mo rò ó fún màmá rẹ̀ látòkè délẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣé òun ló rán ẹ wá?"

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin àbúrò mi. Inú fóònù lẹ ti ń wo akọni yín, tíṣà kì í sì í na ọmọ tó ń fi òsì kọ̀wé mọ́. Ìfura tí mo gbìn sọ́kàn ìyá yẹn ni kò tíì bá ayé yí.