Ìgbéyàwó Bàbá Mi Nígbà Ogbó

Tí èèyàn bá gun alùpùpù láti Ìgòlò, ìlú ẹnubodè wa, wọ ọ̀nà oko tó lọ sí ìhà Ṣáàdá, òórùn ẹbu epo wa ló máa kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ kó tó rí òrùlé ilé. Òórùn ẹyìn sísè ni, tí èéfín ìhá dà pọ̀ mọ́ ọn, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ débi pé àwọn ọmọ kíláàsì mi máa ń mọ̀ pé mò ń bọ̀ kí n tó yọ lẹ́nu ọ̀nà. Inú òórùn yẹn ni wọ́n bí mi sí, inú rẹ̀ náà sì ni bàbá mi ti lo gbogbo ayé rẹ̀, àfi àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Lọ́jọ́ náà, á fi kànìnkànìn bó ara rẹ̀ bí ẹni ń bó iṣu, á wọ bùbá àti ṣòkòtò funfun tó ti wọ sítáàṣì, á gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ojú kan náà ló máa ń jókòó sí, bẹ́ǹṣì tó kẹ́yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Kò sí ẹni tó ń kọrin sókè bíi tirẹ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti tò lọ síwájú pẹpẹ láti gba Ara Olúwa, á dákẹ́, á tẹrí ba, á máa wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Ìyàwó méjì ló ní, kò sì gbé èyíkéyìí nínú wọn níyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá ni ìyálé, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àwa ọmọ ilé ń pè é. Ìyá tó bí mi ni ìyàwó kejì. Òfin ìjọ wa kò gba àwọn mẹ́ta náà láàyè láti jẹ nínú oúnjẹ yẹn. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo bi Bàbá ìdí tí kì í fi í lọ síwájú bí àwọn bàbá yòókù. Ó ní, "Èmi ni mo fẹ́ wọn, ọmọ mi. Mi ò lè torí oúnjẹ lé ìyá ẹnikẹ́ni jáde."

Èmi kò ní purọ́ fún ọ pé àwọn obìnrin méjèèjì kò jà rí. Wọ́n jà lórí omi, wọ́n jà lórí adìẹ, wọ́n sì tún máa ń jókòó pọ̀ lẹ́yìn ilé, kí wọ́n máa fi Bàbá rẹ́rìn-ín. Nígbà tí àìsàn dá ìyá mi dùbúlẹ̀, Màmá ló ń wẹ̀ fún un. Nígbà tó yá, kò gba ẹ̀kọ mímu lọ́wọ́ ẹlòmíì mọ́, kódà kò gbà á lọ́wọ́ èmi ọmọ rẹ̀, àfi lọ́wọ́ ìyálé rẹ̀. Ó dùn mí nígbà náà. Nínú òjò ọdún yẹn ló kú, a sì sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, nídìí igi ìyeyè.

Ọdún yípo, fáda ìjọ wa sì wá kí wa. Ó bá Bàbá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ pé ohun tó ń dí i lọ́nà kò sí mọ́, pé òun àti Màmá lè gbéyàwó báyìí, kí wọ́n sì máa wá síwájú. Bàbá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó jẹ́ kí òun máa jókòó síbi tí òun wà. Nígbà tí fáda lọ tán, ó yíjú sí mi.

"Ṣé ikú ìyá rẹ ni kí n wá fi ṣe àtẹ̀gùn?"

Inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ yẹn ju bó ti yẹ lọ. Mo padà sí ìdí gààrí tí mò ń tà ní Ìgòlò, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Lọ́jọ́ kan tí oòrùn mú gan-an, mo gbójú sókè láàárín ariwo àwọn aláàárù àtàwọn tó ń ṣẹ́ náírà sí sẹfà, owó tiwa, mo rí Màmá tó ń bọ̀. Màmá tí kò fẹ́ràn ẹnubodè rárá! Mo fún un lómi, ó mu ún, ó jókòó sórí àpò gààrí.

Ó ní, "Bàbá rẹ rò pé òun nìkan ló ń jókòó sẹ́yìn. Èmi náà ń jókòó, ọmọ mi. Láti ìgbà tí mo ti wà níyàwó tuntun ni mo ti ń wo oúnjẹ yẹn lókèèrè. Mo fẹ́ jẹ ẹ́ kí n tó kú."

Ó yí kọ́ọ̀bù omi náà lọ́wọ́, ó ní:

"Ìwọ lo ni ìyá tó kú. Tí o bá ní rárá, màá padà sórí bẹ́ǹṣì mi, n kò sì ní bínú sí ọ."

Oníbàárà kan dé, mo wọn gààrí fún un, mo bù ú kún títí ó fi ń dà sílẹ̀. Ohun tó ń jà lọ́kàn mi ni pé tí wọ́n bá pe Màmá ní ìyàwó Bàbá níwájú Ọlọ́run, kí ni wọ́n máa wá pe ìyá mi? Ṣùgbọ́n bí mo ti ń wo ọwọ́ Màmá tó di kọ́ọ̀bù náà mú, mo rántí pé ọwọ́ yẹn ló bọ́ ìyá mi kẹ́yìn. Mo da aṣọ bo igbá mi. Mo ní ká lọ bá Bàbá.

Àwa méjèèjì la jọ gun ẹ̀yìn alùpùpù kan ṣoṣo. Màmá dì mọ́ mi níkùn, ó ń fi Faransé kígbe mọ́ ọlọ́kadà pé kó rọra, "Dúsùmọ́ọ̀, ọmọ mi, dúsùmọ́ọ̀! Ìyàwó àfẹ́sọ́nà lo gbé o!" Ọ̀dọ́mọkùnrin náà rẹ́rìn-ín débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé wa wọ ọgbà ẹ̀gẹ́.

Bàbá ń bó ẹ̀gẹ́ lábẹ́ òjìji ilé nígbà tí a dé. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ gbé Màmá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì."

Ó gbójú sókè kúrò lára ẹ̀gẹ́. "Ìyá rẹ ńkọ́?"

"Ọwọ́ ta ni ìyá mi ti jẹun kẹ́yìn, Bàbá?"

Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó fi etí bùbá rẹ̀ nu imú, ó wo Màmá, ó tún wo igi ìyeyè lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ̀rọ̀ Faransé kan ṣoṣo tó fẹ́ràn láti máa fi sọ pé òun gbà: "Dakọ́ọ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó náà, ó lọ dúró lórí sàréè ìyá mi kí ó tó bọ́ sọ́nà. Mo gbọ́ tó ní, "A ń lọ o. A kò yọ ọ́ sílẹ̀." Nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀ṣì, òrùka kò wọ ìka Bàbá. Fáda tì í títí, ó há sí oríkèé ìka. Màmá ní, "Fáda, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Ìka náà ti ro oko jù." Gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí Bàbá rìn lọ síwájú pẹpẹ, kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ó la ẹnu bí ọmọdé, omi ń ṣàn lójú rẹ̀. Àga ọlọ́lá ni wọ́n tọ́jú sílẹ̀ fún àwọn méjèèjì níwájú, ṣùgbọ́n ó fa Màmá lọ́wọ́, wọ́n padà sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Ó ní ibẹ̀ ló ti mọ́ òun lára.

Ó tún rí òjò kan àti ẹ̀rùn kan lẹ́yìn ìyẹn, kò sì pa ọjọ́ Ìsinmi kan jẹ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó jẹ èbà yó, ó fẹ̀yìn ti àga, Màmá ń bó àgbàdo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Màmá ń bá a sọ̀rọ̀ lọ, ó rò pé ó sùn ni. Nígbà tí mo dé, ojú rẹ̀ tutù bí ojú ẹni tó ti oko dé tó sì ti wẹ̀. Àwọn aládùúgbò wa tó jẹ́ Mùsùlùmí ló gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, nítorí òun náà kì í gbẹ́yìn tí òfò bá ṣẹ̀ wọ́n. Gẹ́gẹ́ bó ti sọ, ẹ̀gbẹ́ ìyá mi la tẹ́ ẹ sí, a sì fi àyè Màmá sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Mo sunkún, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹkún àbámọ̀.

Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe fún mi. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé ìfẹ́ dà bí àpótí ìjókòó nídìí iná, pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ dìde kí ẹlòmíì tó lè jókòó. Bàbá mi fẹ́ Ọlọ́run, ó sì dúró dè é ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbà láti gun ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó bèèrè lọ́wọ́ òkú, ó bèèrè lọ́wọ́ alààyè, kó tó gbé ẹsẹ̀. Láìpẹ́ yìí ni ọmọbìnrin mi bi mí pé èwo gan-an nínú àwọn méjèèjì ni ìyàwó bàbá àgbà. Mo ní, "Àwọn méjèèjì ni." Bí mo ti sọ ọ́, mo gbọ́ ohùn ara mi, kò sì sí ìkorò kankan nínú rẹ̀.