Òwú Pupa Lẹ́nu Ọ̀rá Ọbẹ̀

Ní ọdún tí ọmọ mi obìnrin wọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní Ọ̀kà, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin níbẹ̀ ló fẹ́ máa gbé. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n ohun kan ń já mi láyà: edé. Bí edé bá kan ẹnu ọmọ yìí, ètè rẹ̀ á wú, ọ̀fun rẹ̀ á sì fẹ́ dí. Ẹ̀gbọ́n mi kì í sì í se ọbẹ̀ láìfi edé sí i.

Mo dọ́gbọ́n sí i. Nílé wa ní Ìkàrẹ́, mo se ọbẹ̀ ata láìfi edé sí i. Mo jẹ́ kó tutù pátápátá, nítorí ooru tó bá há sínú ọ̀rá á di omi. Mo bù ú sínú ọ̀rá kéékèèké, ìwọ̀n àjẹtán ẹ̀ẹ̀kan, kó má baà di pé ó yọ́ tán, a tún dá a padà sínú fíríìsà. Mo tẹ afẹ́fẹ́ jáde, mo tẹ́ wọn pẹlẹbẹ kí wọ́n lè tètè dì. Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe, nítorí náà òwú pupa ni mo fi so ẹnu gbogbo wọn. Mo kìlọ̀ fún ọmọ náà: "Èyí tí kò bá ní òwú pupa, má fẹnu kàn án."

Mo kó wọn sínú fíríìsà, iná ò sì lọ. Nígbà tí mo ṣí fíríìsà tí mo rí wọn, wọ́n ti le gbagidi bíi pákó. Mo pàtẹ́wọ́!

Mo kó wọn sínú kúlà, èmi àti ọmọ náà wọ ọkọ̀, mo gbé e lé itan. Títí a fi dé Ọ̀kà, ọwọ́ mi ò kúrò lórí ìdérí rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi wo kúlà, ó wò mí.

"Kí lèyí?"

"Ọbẹ̀ ni, Àǹtí mi."

"Wọ́n sọ fún ọ pé ìyàn mú l'Ọ́kà ni? Ta ní í ru ọbẹ̀ wá sílé ẹ̀gbọ́n ẹ̀?"

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Edé yẹn ni mò ń sá fún."

"Edé, edé! Ṣebí edé la jẹ dàgbà!"

Ó gbé kúlà wọlé tìbínú-tìbínú, mo sì padà sílé. Ẹ̀rù bà mí pé ìbínú lè mú kó fún ọmọ náà ní ọbẹ̀ tirẹ̀ jẹ.

Kí ti àkọ́kọ́ tó tán, mo ti gbé kúlà mìíràn dé. Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́rìn-ín, ó fà mí lọ sídìí fíríìsà rẹ̀.

"Wá wò ó, onífòyà!"

Ọ̀rá pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ ló tò síbẹ̀, aṣọ pupa ló fi so wọ́n lẹ́nu.

"Mi ò ní òwú, mo fa gèlè mi kan ya. Ọmọ ẹ dúró tì mí nídìí iná nígbà tí mò ń se ọbẹ̀ tí ò ní edé. Kò jẹ́ kí n fi ṣíbí tó kan edé rò ó. Àfi bíi pé ìwọ ni! Gbé tìẹ padà s'Íkàrẹ́, kóo lọ jẹ ẹ́."

Mo dì mọ́ ọn lọ́rùn, a jọ ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo ń padà, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni mo ní kí awakọ̀ gbé kúlà náà sí.