Ẹni Tó Tan Ẹ́ńjìnnì fún Mi ní Ọjọ́ Jímọ̀

Mi ò mu ọtí rí láyé mi, mi ò sì sùn lọ́jọ́ náà. Mo sọ èyí ṣáájú nítorí mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Ọ̀sán gangan ni, létí omi tó wà ní ìsàlẹ̀ Houston. Ọmọ mi pàápàá ò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Ọdún tí owó epo já wálẹ̀ ni. Ilé-iṣẹ́ tí mo ti ń yàwòrán páìpù ní ká máa lọ sílé, ni mo bá gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ òyìnbó kan tó ń tọ́jú ọkọ̀ ojú omi. Bí òtútù bá fẹ́ dé, a ó fa omi inú ẹ́ńjìnnì dànù, kí ó má baà dì kí ó sì la irin. Bí oṣù kẹta bá wọlé, a ó da ọ́ìlì tuntun sí i, a ó pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, a ó so rọ́bà omi mọ́ ọn, a ó sì tan án wò kí ọkọ̀ tó padà sójú omi.

Iṣẹ́ ẹni méjì ni títan án wò. Ẹnì kan á wà nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, á máa wò bóyá nǹkan ń jò. Ẹnì kejì á wà lókè nídìí kọ́kọ́rọ́. Ìyàwó mi ló máa ń jókòó lókè fún mi. Bí ó bá ti kúrò níbi iṣẹ́ tirẹ̀, á gbé oúnjẹ mi wá, á bọ́ bàtà, á gun ọkọ̀. Bí mo bá ní "Yí i!", á yí i. Bí mo bá ní "Pa á!", á pa á. Kì í fọwọ́ kàn án títí n ó fi sọ̀rọ̀.

Oṣù kọkànlá ló kú. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ lọ sílé ní Nàìjíríà lọ sin. Èmi ò lè bá a lọ, torí ìwé mi ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba. Bí mo bá jáde, mi ò ní lè wọlé mọ́. Inú fọ́tò ni mo ti rí sàréè rẹ̀.

Dàúdà, àbúrò kan láti Ìbàdàn tó ń ṣiṣẹ́ ní Deer Park, ló ń bá mi yí kọ́kọ́rọ́ lọ́jọ́ tí kò bá sí níbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, òjò ń rọ̀, atẹ́gùn tutù, a sì ti ilẹ̀kùn méjèèjì ilé páànù tí a ń gbé ọkọ̀ sí ṣiṣẹ́ pa. A ti ṣí omi sí rọ́bà, ó kù ká tan án, ni Dàúdà wo aago.

"Ẹ̀gbọ́n, mò ń lọ kírun. Ẹ jẹ́ kó sinmi. Ó ti sùn láti oṣù kejìlá, wákàtí méjì ò ní pa á lára."

"Máa lọ, àlùfáà."

"Ẹ má sì sọ Yorùbá sí i kí n tó dé o. Ará Amẹ́ríkà ni."

Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ.

Mo padà sísàlẹ̀ láti fún ìdè rọ́bà kan le. Mo nà gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí mo fún un tán, ẹ gbà mí gbọ́, ẹnu mi ló ṣáájú ọkàn mi. Mo kígbe bí mo ṣe máa ń kígbe:

"Yí i!"

Ẹ́ńjìnnì náà wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́.

Mo rò pé Dàúdà ló padà. Àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn jẹ́jẹ́ lókè orí mi:

"Bàbá Dúpẹ́, ṣé kí n pa á?"

Dúpẹ́ ni ọmọ wa, ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà náà. Yàtọ̀ sí ìyá rẹ̀, kò sí ẹlòmíràn tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìlú yẹn.

Láti kékeré ni ìyá mi ti kọ́ mi pé bí a bá gbọ́ ohùn tí a ò rí ẹni tó ni ín, a kì í dáhùn. Mo pa ẹnu mi mọ́. Èéfín ń ki. Mo kàwé, mo mọ ohun tí èéfín ẹ́ńjìnnì ń ṣe fún ènìyàn nínú ilé tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì. Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo ní láti sọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́, iṣẹ́ rẹ̀ parí nìyẹn, á sì máa lọ.

"Ṣé kí n pa á?"

Orí mi ti wúwo. Ẹsẹ̀ mi ò jọ tèmi mọ́.

"Fi í sílẹ̀," mo ní. "Jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́."

Ó sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ara rẹ̀ ti ń kan:

"Ta ló máa lọ mú Dúpẹ́ ní daycare?"

Ẹ́ńjìnnì náà kú.

Mo rá jáde. Kò sẹ́ni kankan lókè. Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo sì bì sínú òjò. Ibẹ̀ ni Dàúdà bá mi nígbà tó ti ibi ìrun dé, òórùn èéfín ṣì ń jáde lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Ẹ̀gbọ́n! Ta ló tan án? Ẹ fẹ́ pa ara yín ni?"

Ó yọ kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀ lápò, kó lè gbé mi lọ sí ọsibítù. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ojú omi náà wà lára rẹ̀. Ó ti gbàgbé, ó gbé e lọ sí mọ́ṣáláṣí. Àwa méjèèjì wò ó.

"Ẹ jẹ́ ká kúrò níbí," ó ní.

Lọ́jọ́ kejì ó ní bóyá wáyà ló kan wáyà. Ó ṣeé ṣe. Mi ò bá a jiyàn, mi ò sì sọ ohùn tí mo gbọ́ fún un.

Ẹ̀yin tí ọkọ tàbí aya yín ti lọ, mo bẹ̀ yín, iṣẹ́ tí ẹ jọ máa ń ṣe, ẹ má dá a ṣe nínú ilé tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì. Ẹ má sì pè wọ́n. Wọ́n lè dá yín lóhùn, kí ẹ má sì fẹ́ kí wọ́n lọ mọ́. Èmi ti sọ tèmi lọ́jọ́ náà, mo ní kó fi í sílẹ̀.

Òun ló kọ̀.