Bàbá Ẹ-Jókòó-Ná àti Fíìmù Rẹ̀

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ló kù kí àṣekágbá bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀, lọ́jọ́ tí Bàbá Ẹ-Jókòó-Ná kọ̀ láti yọ̀ǹda tẹlifíṣọ̀n ọ̀gá ọlọ́pàá fún un. Ó ti tún un ṣe tán, àwòrán sì ń yọ kedere. Ṣùgbọ́n òfin ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni pé tẹlifíṣọ̀n kì í jáde àfi tó bá gbé fíìmù kan báyìí dópin láìṣẹ́jú, kí oníǹkan sì jókòó tì í.

"Bàbá, ẹ gbé e fún mi! Àlejò ti kún ilé mi!"

"Ẹ jókòó ná, ọ̀gá. Ó ku wákàtí méjì."

"Ṣé ẹ mọ̀ pé mo lè tì yín mọ́lé?"

"Ẹ lè tì mí mọ́lé. Ẹ ṣáà jẹ́ kó parí ná, kí n mọ̀ pé iṣẹ́ mi pé."

Ọmọbìnrin Bàbá ń ránṣọ ní yàrá kejì nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ó sáré jáde, ó kúnlẹ̀, ó bẹ ọ̀gá, ó bẹ bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ti fìdí lé àga. Nígbà tó fi máa gbé tẹlifíṣọ̀n délé, wọ́n ti ń gbé ife-ẹ̀yẹ yí pápá ká, àwọn àlejò rẹ̀ sì ti kó lọ sílé aládùúgbò.

Fíìmù wo gan-an ni? Obìnrin kan ló gbé àga lérí, tó ń rìn. Ó rìn gba àárín ọjà, ó la odò kọjá, òjò pa á. Nígbẹ̀yìn, ó dé ẹnu ọ̀nà ilé kan tí inú rẹ̀ ṣókùnkùn, ó sọ àga kalẹ̀, ó sì dúró. Ó tán. Kò síjà, kò sórin, kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní ọjọ́ méjì ló lò ní sinimá kí wọ́n tó ká a kúrò. Bàbá fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun sùn lọ nígbà àkọ́kọ́. Lẹ́ẹ̀kejì, ó rí i pé ẹsẹ̀ kan obìnrin náà kò ní bàtà. Lẹ́ẹ̀karùn-ún, ó rí bàtà ọ̀hún lẹ́nu ajá kan létí ọjà. Nígbà tó di ìgbà ogún, ó sọ ọ́ di òfin ṣọ́ọ̀bù.

"Fíìmù yìí ò burú," ló máa ń sọ fún oníbàárà. "Tẹlifíṣọ̀n yín ni ò dáa."

Ó tún máa ń dán wọn wò. Tísà kan wá gbé tirẹ̀, bàbá bi í pé àwọ̀ wo ni ìborùn obìnrin náà lẹ́yìn òjò. Tísà ní pupa ni. Bàbá ò jiyàn, ó kàn dá kásẹ́ẹ̀tì padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Tísà tó ti fìdí ọ̀pọ̀ ọmọ ọlọ́mọ rẹmi nínú ìdánwò, òun náà fìdí rẹmi lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà tí ọmọ rẹ̀ wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, ńṣe ló ń ka ìgbésẹ̀ obìnrin náà kó má baà sùn. Lẹ́ni ogún ọdún, ó ń bínú sí i: ta ló fi àga rán an? Ọdún tí ìyá rẹ̀ kú ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kíyè sí bó ṣe ń pààrọ̀ ọwọ́ tó fi di àga mú, ó sì mọ̀ pé ọrùn ń dun obìnrin náà. Síbẹ̀, kì í dúró dópin. Bí àga bá ti balẹ̀ báyìí, òun náà á ti dìde padà sídìí ìránṣọ.

"Ẹnì kan wà nínú òkùnkùn yẹn," bàbá á pariwo tẹ̀lé e. "Ẹ̀yin èèyàn yìí ò mọ nǹkan í wò!"

Orí àìsàn ni bàbá ti sọ ọ́ kẹ́yìn. Ìtọ́jú rẹ̀ ti rẹ ọmọ náà, ara ń kan án, ó ní, "Bàbá, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Ojú yín ni."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ìyá mi, jókòó ná."

Ó kú lọ́jọ́ kejì. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kò ṣe é kó.

Lọ́sẹ̀ tí ọmọ náà ń palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mọ́, tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo ló kù, èyí tí bàbá tún ṣe gbẹ̀yìn tí kò ráyè dán wò. Ti ọ̀gá ọlọ́pàá ni. Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí, tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ sì máa ń bà jẹ́ lọ́dọọdún. Ó wọlé, ó kí i kú àṣẹ̀yìndè, ó sì jókòó láìjẹ́ pé wọ́n sọ fún un.

Ọmọ náà gbé kásẹ́ẹ̀tì fíìmù náà. Kásẹ́ẹ̀tì ọ̀hún ti gbó débi pé bó bá wọlé lẹ́ẹ̀kan sí i, ó lè má jáde mọ́. Bó bá já kó tó dópin, kò ní í mọ̀ láéláé bóyá òótọ́ ni bàbá òun ń sọ. Ó tì í bọnú ẹ̀rọ.

Ní ọjà, àwòrán wárìrì. Ní odò, ó lọ pátápátá. "Jọ̀ọ́, má ṣe bẹ́ẹ̀," ni ọmọ náà ń bẹ̀ ẹ́, ó di etí tábìlì mú. Àwòrán padà. Òjò rọ̀, ilé dé, àga balẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kò dìde. Ó fa ìjókòó rẹ̀ súnmọ́ ọn.

Òkùnkùn nìkan ló kọ́kọ́ rí. Lẹ́yìn náà ló rí ìka ọwọ́ lára férémù ilẹ̀kùn, lẹ́yìn ìka, ojú ìyá arúgbó kan. Ó ti dúró síbẹ̀ kí obìnrin náà tó dé, ó ń retí rẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì sì dún kàràkàrà, ó já.

"Ó wà níbẹ̀! Ọ̀gá, ó wà níbẹ̀!"

"Mo mọ̀." Ọ̀gá nu ojú rẹ̀. "Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí mo ti rí i."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Bàbá rẹ ló ní kí n má sọ, pé ìwọ fúnra rẹ á rí i. Ó ní tí mo bá fi lè sọ ọ́, òun ò tún tẹlifíṣọ̀n mi ṣe mọ́."

"Kí ló tiẹ̀ máa ń ṣe é lọ́dọọdún?"

"Lẹ́yìn ọjọ́ bọ́ọ̀lù yẹn, kò sí nǹkan tó tún ṣe é rí, ọmọ mi. Èmi ni mo máa ń já wáyà rẹ̀."

Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ọ̀hún sì di ẹkún. Ọ̀gá dìde, ó fẹ́ gbé tẹlifíṣọ̀n rẹ̀.

"Ẹ jókòó ná, bàbá," ni ọmọ náà wí.

Ọ̀gá jókòó. Kò sí àwòrán kankan lójú tẹlifíṣọ̀n mọ́, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ò tètè dìde.