Ojúgun Mùíbátù Onídìrí

Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ lẹ́yìn ọjà Ìlobù, ohùn Hàmídù ni gbogbo àdúgbò kọ́kọ́ ń gbọ́. Á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí tí àbúrò rẹ̀ jókòó lé, á fi ẹnu kan etí rẹ̀, á sì ké tagbáratagbára: "Mùíbátù! Ṣé o jí ire?" Àwọn adìyẹ á fò, ọmọ ọwọ́ ilé kejì á ta jí, ẹni tó ń lọ sóko á dáhùn láti ojú ọ̀nà pé, "A dúpẹ́ o!" Mùíbátù nìkan ni kì í dáhùn. Ọmọ ọdún méjì ni nígbà tí ibà ńlá kan di í létí, kí ẹnu rẹ̀ tó là. Ohun tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nínú gbogbo ariwo yẹn kò ju atẹ́gùn gbígbóná àti òórùn aṣáárà lọ. Á fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu etí, á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Irun dídì ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó ti mọ̀ ọ́n dunjú kó tó pé ọmọ ogún ọdún, ó sì dára bẹ́ẹ̀, torí lẹ́yìn ìyẹn ni ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, díẹ̀díẹ̀, títí kò fi mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru mọ́. Àwọn èèyàn káàánú. Wọ́n ní ó parí. Kí ló parí? Ta ló ń fi ojú di irun? Ìka Mùíbátù mọ gbogbo orí tó wà lẹ́yìn ọjà, ó mọ èyí tó ní àpá àti èyí tó ní kókó. Ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ tó bá dì, oṣù kan ló ń lò lórí kó tó tú. Àléébù kan ṣoṣo ló ní: ọwọ́ rẹ̀ le. Ó ń fa irun bí ẹni ń tu koríko.

Ọwọ́ líle yìí ló bí èdè. Rachael, aládùúgbò rẹ̀ tó ń ta epo òyìnbó, jókòó sórí ẹní lọ́jọ́ kan, ó kó orí sáàárín orúnkún Mùíbátù bí gbogbo oníbàárà ṣe ń ṣe. Irun náà dùn ún wọ egungun. Ó kígbe títí, Mùíbátù kò gbọ́. Kò sì sí ọwọ́ tó lè dì mú, nítorí ọwọ́ Mùíbátù méjèèjì wà nínú irun. Ni Rachael bá fi èékánná já a lẹ́sẹ̀. Mùíbátù dúró, ó ronú díẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì dẹ irun náà. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn: ó ń dùn mí o.

Kó tó pé ọdún méjì, ọ̀rọ̀ ti kún ojúgun Mùíbátù. Fa àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni nìyẹn. Gbá a lójúgun lẹ́ẹ̀mejì, rárá ni. Fi ìka fà á wẹ́rẹ́ láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀, òjò ń bọ̀. Orí ẹni tó bá jókòó níwájú rẹ̀ lòun náà fi ń dáhùn, á gbá a lẹ́ẹ̀mejì bí kò bá gbà, bí ọ̀rọ̀ bá sì yé e, á fa onítọ̀hún létí díẹ̀: mo ti gbọ́. Kálukú ló ní orúkọ níbẹ̀. Ti Hàmídù ni kí a di ìkúùkù, kí a fi kan eegun orúnkún gbà, gbà, gbà, torí pé bí inú bá ń bí i, ẹsẹ̀ ló ń fi ń gbá ilẹ̀, ilẹ̀ á sì gbọ̀n dé abẹ́ àpótí. Hàmídù fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé òun ní orúkọ kankan lẹ́sẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ó ń rí àwọn obìnrin tí wọ́n ń fọwọ́ gbá ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀, ó rò pé eṣinṣin ni wọ́n ń bá a lé.

Ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo mọ́tò kúrò lápá òsì bọ́ sí apá ọ̀tún ni Hàmídù pinnu pé àbúrò òun náà gbọ́dọ̀ kúrò níbi tó wà. Ìfẹ́ ló fà á, kí á má parọ́ mọ́ ọn. Ó ti ń súnmọ́ ọgọ́ta ọdún, àyà ń dùn ún bó bá gun òkè, ó sì ń rò ó lójoojúmọ́ pé, bí òun bá kú, ta ni yóò tọ́jú ẹni tí kò gbọ́ràn, tí kò ríran, tí kò sì fọhùn? Ó wá ọkọ fún un ní Ìfọ́n. Jàlálù lorúkọ rẹ̀, àgbẹ̀ tó lówó díẹ̀, tó ní ilé páànù àti ìyàwó méjì. Hàmídù kò bi Mùíbátù léèrè. Ó ní ẹnu wo lòun fẹ́ fi bi í?

Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ so yìgì gan-an ni Rachael wá di irun kòlẹ́sẹ̀. Apá kan orí ti parí nígbà tó rí i tí wọ́n ń tẹ́ ẹní síwájú ilé. Ó bi ìyàwó Hàmídù, ìyẹn sọ fún un. Rachael fi ọwọ́ méjèèjì lé ojúgun ọ̀rẹ́ rẹ̀: Hàmídù. Ọkọ. Ìwọ. Ìfọ́n. Òní.

Mùíbátù rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Ó gbá a lórí lẹ́ẹ̀mejì, ó ń rẹ́rìn-ín. Rachael tún un sọ. Òòyà bọ́ lọ́wọ́ Mùíbátù.

Kì í ṣe pé ọkọ burú. Ìfọ́n náà kò jìnnà, béèyàn bá fi ọsàn sẹ́nu ní Ìlobù, kó tó tu kóró rẹ̀ tán, ó ti débẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló mọ ojúgun rẹ̀ ní Ìfọ́n? Ta ni yóò sọ fún un pé òjò ṣú, pé Mọ́ríátù oníbàárà rẹ̀ ti bímọ, pé ìyàwó tuntun ilé kejì da iyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì? Lẹ́yìn ọjà, kò sí òfófó tó ń fò ó. Bó bá dé Ìfọ́n, ìgbà yẹn ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ di adití. Ẹ̀rù bà á, irú èyí tí kò bà á rí, kódà nígbà tí ojú ń ṣú.

Wọ́n wá mú un. Wọ́n fi gèlè funfun wé e lórí, wọ́n fi í jókòó sórí ẹní láàárín àwọn obìnrin. Rachael jókòó tì í, kòlẹ́sẹ̀ lápá kan orí, irun gàgàrà lápá kejì. Alfa tó fẹ́ so yìgì náà wà lórí àga kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀. Ó ní kí wọ́n bi ìyàwó bóyá ó gbà. Hàmídù bẹ̀rẹ̀, ó fi ẹnu kan etí rẹ̀: "Mùíbátù! Ṣé o gbà láti fẹ́ Jàlálù?" Àwọn tó wà ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun ì bá ti dáhùn. Mùíbátù nu etí rẹ̀.

Alfa wúkọ́. "Wúńdíá tí a bi léèrè tó bá dákẹ́, ó ti gbà nìyẹn."

"Alihamudulilahi!" ni gbogbo ilé dáhùn.

Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, a jẹ́ pé Mùíbátù ti gba gbogbo ohun tó wà láyé láti ọmọ ọdún méjì. Rachael sáré fọwọ́ kan ojúgun rẹ̀: wọ́n ti bi ọ́, wọ́n ní o gbà.

Mùíbátù dìde. Ó ń tọ òórùn tùràrí Alfa lọ títí ọwọ́ rẹ̀ fi kan ẹ̀yìn àga. Ó gbá a lẹ́ẹ̀mejì. Àga kò kúkú bi í ní nǹkan kan. Ó gbé ọwọ́ sókè sí i, ó bá láwàní, ó sì gbá Alfa lórí: pá, pá.

"Yéè! Ó lu Alfa!" Hàmídù dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó tún dọ̀bálẹ̀.

Rachael ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Alfa. Kò lù yín o. Ó dá yín lóhùn ni. Ó ní rárá."

"Ta ló bi ọ́?" ni Hàmídù wí. "Ìwọ tí orí rẹ kò tíì dọ́gba!"

Alfa tún láwàní rẹ̀ ṣe. "Fi í sílẹ̀. Ìwọ obìnrin yìí, báwo ni n ó ṣe mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni, tí kì í ṣe tìrẹ?" Ó ní kó súnmọ́ òun, ó sì sọ nǹkan kan sí i létí. Ojú Rachael là. Ó padà, ó kúnlẹ̀ síbi ojúgun ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sọ ọ́. Mùíbátù fà á létí.

Ó lọ síbi àwọn ọkùnrin. Ó fọwọ́ kan orí èkíní, ó kan èkejì, ó dúró níbi ẹ̀kẹta. Ó ṣí fìlà Jàlálù. Ó fi ìka wá inú orí rẹ̀ kiri, ó sì mi orí pẹ̀lú àánú, nítorí irun ibẹ̀ kò tó dì. Lẹ́yìn náà ló tọ òórùn aṣáárà lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó fi fìlà Jàlálù lé fìlà ẹ̀gbọ́n náà lórí, ó rọra tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ kí ó lè jókòó dáadáa.

Alfa rẹ́rìn-ín títí tẹ̀sùbáà fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Mo ní kó ṣí fìlà ọkùnrin kẹta, kó fi dé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí, ohun tó ṣe gan-an nìyẹn! Hàmídù, ẹni yìí kò dákẹ́ rí. A ò so yìgì kankan lónìí."

Jàlálù gba fìlà rẹ̀, kò bínú rárá. "Torí wọ́n sọ fún mi pé kì í sọ̀rọ̀ ni mo ṣe wá. Àwọn méjì tó ń fẹnu bá mi jà nílé ò tíì tán, mi ò lè fi ẹni tó ń fọwọ́ jà kún wọn." Ó jẹ ìrẹsì tirẹ̀ tán kó tó lọ sílé.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Hàmídù kò fi ké sí etí ẹnikẹ́ni. Ìtìjú mú un, ohun tó sì ń dùn ún jù ni pé àbúrò òun ti ń sọ̀rọ̀ láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, òun nìkan ni kò gbọ́. Ní ọjọ́ kẹrin, ó pe Rachael sẹ́yìn ilé.

"Wọ́n ní ẹ ní orúkọ fún mi níbẹ̀. Kí ni?"

Rachael kúnlẹ̀, ó kọ́kọ́ ń fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí." Nígbà tó yá, ó fi hàn án lórí orúnkún ara rẹ̀. Hàmídù di ìkúùkù tirẹ̀, ó wò ó.

Ó bọ́ síwájú ilé. Oníbàárà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí ẹní. Bàbá arúgbó náà ṣí fìlà, ó jókòó síbẹ̀, ó kó orí sáàárín orúnkún àbúrò rẹ̀. Mùíbátù na ìka láti ya irun, ó bá orí tó pá, ó dúró. Hàmídù di ìkúùkù, ó sì fi kan orúnkún náà: gbà, gbà, gbà.

Kò mọ ọ̀rọ̀ mìíràn, kò mọ "má bínú," kò mọ "ṣé o jí ire." Ó tún kan án, ó tún kan án, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, títí orúnkún fi bẹ̀rẹ̀ sí í dun àbúrò rẹ̀. Ni Mùíbátù bá fi ọwọ́ wá etí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kiri títí ó fi rí i, ó sì fà á.