Ilẹ̀kùn tí Kì í Ròyìn

Ìtọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá fẹ́ ìtàn tó mọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó lọ bá àwọn àlùfáà. Bí mo bá wúkọ́, á jò díẹ̀. Bí mo bá rẹ́rìn-ín, á jò ju bẹ́ẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rín kì í sì í wọ́n lẹ́nu mi. Ọmọ méje ló gba ọ̀nà ibẹ̀ kọjá, kò lè le bíi ti àtijọ́ mọ́.

N kò rí ẹni sọ ọ́ fún. Inú ọgbà kan náà ni èmi àti orogún mi ṣì ń gbé ní Attiégou lẹ́yìn tí ọkọ wa ti kú. Èmi ni ìyálé, òun ni ìyàwó. Ó ti tó ogójì ọdún tí a ti ń fa ọ̀rọ̀ iyọ̀ ọbẹ̀ àti okùn ìsáṣọ mọ́ ara wa lọ́wọ́, n kò wá ní í fi ọwọ́ ara mi gbé irú èyí fún un. Tó bá fi gbọ́ ọ láàárọ̀, wọ́n á ti máa fi ṣe ẹ̀fẹ̀ ní Légbassito lọ́hùn-ún kí oòrùn tó wọ̀.

Kọ̀ǹpútà ni mo bá sọ ọ́ fún. Ọmọ ọmọ mi obìnrin, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Cacaveli, ló gbé ọ̀kan tó ti gbó wá sí pálọ̀ wa. Ó kó gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ dànù, ó fi Linux, ètò tó ń mú ẹ̀rọ ṣiṣẹ́, sí i. Ó ní Linux kì í wúwo, pé ó máa ń sọ ẹ̀rọ arúgbó di ọ̀dọ́. Mo ní kó bá mi wá díẹ̀ sí tèmi náà.

Kíláàsì mẹ́ta péré ni mo kà nílé ìwé Faransé. Mo kọ ìbéèrè mi bó ṣe rí lẹ́nu, ẹ̀rọ náà sì gbọ́ mi yé ju dókítà lọ. Ó mú mi dé ọ̀dọ̀ agbẹ̀bí kan tó ń fi fídíò kọ́ àwọn obìnrin bí a ṣe ń fún ara ìsàlẹ̀ mọ́ra, bí ẹni tó fẹ́ dá ìtọ̀ dúró, ká ka márùn-ún, ká tó tú u sílẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é.

Àmọ́ gbogbo ibi tí mo bá yà lórí ẹ̀rọ náà ni wọ́n ti ń fi kúkì lọ̀ mí. Mo mọ kúkì. Bisikíìtì ni, ó wà lára páálí tí àwọn ọmọ ń rà ní bùtíìkì. Bí mo bá dé ilé onílé, tí wọ́n fi nǹkan ẹnu lọ̀ mí, ṣé ó yẹ kí n ní n kò fẹ́ kí n tó jókòó? Mo bá ń tẹ accepter, ìyẹn mo gbà. Mo máa ń ní "ẹ ṣé o" pẹ̀lú.

Lọ́jọ́ kan, ìyàwó kó àwọn obìnrin ẹgbẹ́ asaláátù jọ sí pálọ̀, kí wọ́n gbọ́ wáàsí lórí kọ̀ǹpútà. Àlùfáà ń ṣàlàyé iná ọ̀run lọ́wọ́ ni ìpolówó ìlédìí àgbàlagbà bá yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀, tòun ti ìyá arúgbó kan tó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n fún ní ilẹ̀. Ó lọ. Ó tún padà wá.

Ìyàwó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ta ló ń tọ̀ sára nínú ilé yìí?"

Mo ní, "Bi àlùfáà. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ náà ló ti yọ."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì kábàámọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì mo ránṣẹ́ pe ọmọ ọmọ mi. Mo sọ bó ṣe jẹ́ fún un, mo sì fi ikú bàbá bàbá rẹ̀ búra fún un pé tó bá sọ ọ́ síta, ojú rẹ̀ á rí màbo. Mo ní, "Ẹ̀rọ rẹ ń ṣòfófó."

"Kì í ṣe ẹ̀rọ, Màmá àgbà. Ilẹ̀kùn tí ẹ ń gbà jáde sórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni, navigateur yẹn. Ẹ ń gba kúkì, àbí?"

"Wọ́n fi lọ̀ mí ni."

Ó di orí mú. "Màmá! Kì í ṣe bisikíìtì! Àmì ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ yín lára, kí wọ́n lè dá yín mọ̀ níbi tí ẹ bá tún yà sí, kí wọ́n sì máa polówó ohun tó bá ohun tí ẹ wò mu."

"Kí ló wá dé tí wọ́n fi orúkọ oúnjẹ pè é? Ẹlẹ́tàn ni wọ́n."

"Tí ẹ bá bá ẹni tó ń jẹun, tó ní kí ẹ wá bá òun jẹ, kí lẹ máa ń sọ?"

"Á gba ibi ire."

"Ẹ ò ní jókòó ti abọ́ ọ̀hún?"

"Ṣé orí mi dàrú ni? Oúnjẹ ẹnì kan ṣoṣo!"

"Bó ṣe rí nìyẹn. Ibi tí wọ́n bá kọ refuser sí, á gba ibi ire ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ máa lọ."

Ó ní òun máa fi ilẹ̀kùn mìíràn sí i fún mi, èyí tí kì í ròyìn. Mo ní èmi ni màá fi ọwọ́ ara mi tẹ̀ ẹ́, nítorí ohun tí n kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe, n kì í jẹ́ kó wọlé mi. Ó ṣí fèrèsé dúdú kan, ó kọ ọ̀rọ̀ sórí ìwé, mo ń wò ó tẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ ní kí n fi ọ̀rọ̀ àṣírí wọlé. Mo tẹ̀ ẹ́, nǹkan kan ò hàn. Mo ní ó ti fọ́jú. Ọmọ náà ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń ṣe, kí ẹni tó dúró lẹ́yìn mi má bàa kà á. Ọkàn mi fà mọ́ ọn níbẹ̀ yẹn.

Lẹ́yìn náà ẹ̀rọ bi mí bóyá kí òun tẹ̀síwájú, ó kọ O àti n. Mo tẹ òdo. Ó ní Abandon. Mo tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè, mo tún tẹ òdo, ó tún pa mí tì.

"Màmá, O ti oui nìyẹn, kì í ṣe òdo!"

"Ta ló máa ń fi òdo dá èèyàn lóhùn bẹ́ẹ̀ ni?"

Ilẹ̀kùn náà wọlé. Ọmọ náà tò ó kó máa gbàgbé gbogbo ibi tí mo bá lọ nígbà tí mo bá ti pa á dé. Ó nu ipasẹ̀ mi kúrò nínú ilẹ̀kùn àtijọ́, ó sì fi ìyẹn sílẹ̀ fún ìyàwó. Ó ní kí n máa tún tèmi ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, torí ojoojúmọ́ ni àwọn olè ń wá ihò tuntun. Gbogbo àárọ̀ Jímọ̀ ni mo ń ṣe é, lẹ́yìn tí mo bá gbá àgbàlá tán. Ìyàwó máa ń rí ọ̀rọ̀ funfun tó ń sáré lórí dúdú, á ní mo ti di adẹ́tẹ̀ tó ń jó. Ó ní kí ló kàn mí pẹ̀lú ẹ̀rọ.

Ilẹ̀kùn náà mọ ìgbàgbé ju èmi lọ, ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ó gbàgbé agbẹ̀bí mi. Mo wá a títí, àwọn ọkùnrin tó ń ta àgbo nìkan ni mo ń rí. Kíka márùn-ún tó kọ́kọ́ kọ́ wa ni mo ṣì mọ̀, n kò mọ èyí tó kàn, òjò ìsàlẹ̀ mi sì tún bẹ̀rẹ̀. Tí mo bá bi ọmọ náà, á ní kí n ṣe àpèjúwe ohun tí obìnrin náà ń ṣe, ìyẹn ò sì lè ti ẹnu mi jáde síwájú ọmọ ọmọ mi.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, èmi àti ìyàwó nìkan ló wà nílé. Ó ń wo bí wọ́n ṣe ń dì gèlè, ó ń gba ilẹ̀kùn tirẹ̀. Ìyá arúgbó onílédìí bá tún yọ. Ìyàwó yára na ọwọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó.

Mo ní, "Ìyàwó, ta nìyẹn?"

"Bóyá èèyàn yín ni, ìyálé mi."

"Èèyàn mi báwo? Ilẹ̀kùn tèmi yàtọ̀, ọmọ sì ti nu tàtijọ́ kúrò!"

Ó yí ojú sí mi díẹ̀díẹ̀. "Áà. Ẹ̀yin náà ní nǹkan tí ẹ nù."

Ogójì ọdún ni mo ti ń pa ẹnu mi mọ́ níwájú obìnrin yìí, gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo fi tú ara mi fó. Mo wò ó. Ó wò mí. Ó ní, "Ọmọ mẹ́jọ ni mo bí, ìyálé mi. Ẹ̀yin bí méje." Ẹ̀rín bá bú jáde, a rín in títí, a sì dìde lẹ́ẹ̀kan náà, a kọrí sí ilé ìtọ̀. Òun ló kọ́kọ́ débẹ̀, torí ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí.

Nígbà tó jáde, ó ṣí ibi tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń kọ gbogbo ìrìn rẹ̀ sí. Agbẹ̀bí mi wà níbẹ̀, ìgbà mọ́kànlá! Olófòófó yẹn ló bá mi pa á mọ́. Mo ṣí i nínú tèmi, mo fi àmì sí i kó má tún gbàgbé, mo sì pè é ní ọbẹ̀ ilá kí ẹni tó bá rí i má bàa fura. Ìyàwó ní òun náà fẹ́ ilẹ̀kùn tí kì í ròyìn. Mo ní kó jókòó kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ òdo.

Ní Jímọ̀ tó kọjá, a jókòó lórí bẹ́ǹṣì níta, a ń dúró de àwọn ẹgbẹ́ asaláátù. A pa ojú dé, ètè wa ń mì. Ọ̀kan nínú wọn dé, ó rọra sọ fún èkejì rẹ̀ pé, "Ẹ wo àwọn ìyá wa bí wọ́n ṣe ń ṣe asíkírì. Ọlọ́run á gbà á."

"Àmín," ìyàwó ní. Kò ṣí ojú. "Ó ku mẹ́ta, ìyálé. Ẹ má tíì tú u sílẹ̀."